Iye Ìbò àti Òfin: Ìjọba Tiwa-n-tiwa àti Ìjọba Olómìnira Nínú Ìtàn Ìbàdàn

Ìjọba tiwa-n-tiwa ń dáhùn ìbéèrè kan: ta ni yóò yan olórí? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àwọn ará ìlú ni yóò fi ìbò yàn án, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá sì pọ̀ jù ni yóò wọlé. Ìjọba olómìnira ń dáhùn ìbéèrè mìíràn: ta ló ni àga tí olórí jókòó lé? Ìdáhùn tirẹ̀ ni pé ìlú ló ni ín. Ìdílé kankan kò lè jogún rẹ̀, ẹgbẹ́ tó borí kò sì lè sọ ọ́ di ẹrù ara rẹ̀. Òfin ló ń ṣọ́ àga náà, ẹni tó bá sì gun orí rẹ̀, bó ti wù kí ìbò rẹ̀ pọ̀ tó, ní ààlà tí kò gbọdọ̀ kọjá.

Àwọn méjèèjì lè gbé pọ̀, wọ́n sì lè ya ara wọn. Ọba ló wà lórí oyè nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di òní, síbẹ̀ ìbò àwọn ará ìlú ló ń gbé ìjọba wọlé tó sì ń gbé e jáde. Orílẹ̀-èdè olómìnira ni Tógò láti 1960, ṣùgbọ́n Gnassingbé Eyadéma gba ìjọba ibẹ̀ ní 1967, kò sì kúrò títí ó fi kú ní 2005, Faure ọmọ rẹ̀ ló sì bọ́ sí ipò náà. Ní Bẹ̀nẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Mathieu Kérékou fìdí rẹmi nínú ìbò 1991, ó gbé ìjọba fún Nicéphore Soglo, ó sì tún fi ìbò padà wọlé ní 1996. Orílẹ̀-èdè olómìnira ni àwọn méjèèjì ń jẹ́ lórí ìwé.

Ní Nàìjíríà, ìbéèrè nípa ẹni tí yóò wọlé ni ariwo rẹ̀ ń pọ̀. Ìbéèrè nípa ààlà tó wà fún ẹni tó bá wọlé kì í sábà rí ẹni bi í títí wàhálà yóò fi dé. Ìtàn Ìbàdàn wúlò fún àgbéyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí ju ti ọ̀pọ̀ ìlú lọ, nítorí pé ìlú náà ti mọ oyè tí kì í ṣe ogún kí ó tó mọ ìbò, ó sì ti mọ ìbò tí òfin kò ṣọ́.

Oyè tí kì í ṣe ogún

Ibùdó ogun ni Ìbàdàn nígbà tí àwọn jagunjagun láti Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá kóra jọ síbẹ̀ ní nǹkan bí 1829, lẹ́yìn tí Òwu ti fọ́. Kò sí ìdílé ọba kan tí gbogbo wọn jọ ń wárí fún. Akin, ọgbọ́n àti iye ọmọ ogun tí ẹnì kan lè bọ́ ni wọ́n fi ń jẹ oyè. Máyẹ̀ Okùnadé láti Ifẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe olórí; àwọn Ọ̀yọ́ gba ipò náà mọ́ ọn lọ́wọ́, nígbà tó sì yá, Olúyọ̀lé di Baṣọ̀run. Olúyọ̀lé lágbára dé ibi pé ó lè fẹ́ kí oyè náà di ti ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó kú, ọmọ rẹ̀ kọ́ ló jẹ.

Láti ibẹ̀ ni ètò oyè Ìbàdàn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìlà méjì ni, ìlà àwọn àgbà ìlú àti ìlà Balógun, ipele tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lé ní 20. Mọ́gàjí ilé kan lè bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ó máa gòkè bí àyè bá ti ṣí, títí yóò fi dé òkè bí ẹ̀mí rẹ̀ bá gùn. Bí ìlà kan bá jẹ oyè tó ga jù, ìlà kejì ni yóò jẹ ẹ́ tẹ̀ lé e. Ní 1936, oyè Baálẹ̀, tí olórí ìlú ń jẹ, di Olúbàdàn, ṣùgbọ́n àkàbà náà kò yí padà. Ìdí nìyí tí àwọn òpìtàn fi ń pe Ìbàdàn ọ̀rúndún 19 ní ìlú olómìnira ti àwọn ológun. Ní àkókò tí ìdílé kan ṣoṣo ń jọba ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ohun àrà ni.

Kò yẹ kí a fi ẹwà ètò yìí bo àbùkù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ẹrú tó ń ro oko àwọn olóyè léèrè ẹni tí wọ́n fẹ́. Kò sẹ́ni tó ka ohùn àwọn tó ń tajà ní Ọjà'ba. Ààbò òfin kò sì sí fún ẹni tí àwọn olóyè bá kóra jọ lé lórí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, fi èyí hàn kedere. Oníṣòwò ńlá ni, àwọn olóyè sì ń ra ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn. Ní 1874, Ààrẹ Látòósà, olórí ìlú nígbà náà, àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ka ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ó san án. Síbẹ̀ wọ́n dìtẹ̀ pa á nínú ilé ara rẹ̀. Àwọn tó fọwọ́ sí yíyọ rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó lè gbèjà rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin kankan tó lè sọ fún àwọn tó pọ̀ náà pé ibi báyìí ni kí wọ́n dúró. Ìlú tí oyè kò ti jẹ́ ogún lè jẹ́ ìlú tí ẹ̀mí kò ti ní ààbò.

Ìgbà tí ìbò dé

Nínú ìbò 1951 sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, ẹgbẹ́ Ibadan People's Party gba gbogbo ìjókòó mẹ́fà tó jẹ́ ti Ìbàdàn. Lẹ́yìn ìbò náà, márùn-ún nínú wọn lọ dara pọ̀ mọ́ Action Group ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Adégòkè Adélabú nìkan nínú wọn ló dúró ti NCNC, ẹgbẹ́ tó ń bá Action Group du ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ọ̀rọ̀ yìí dá ìyapa tó pẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú. Ohun tí àwọn ènìyàn ń bínú sí ni pé wọ́n rán ènìyàn níṣẹ́, ó sì lọ jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ìwé òfin 1999 ti wá sọ pé aṣòfin tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ pàdánù ìjókòó rẹ̀, àyàfi bí ẹgbẹ́ náà bá pín sí méjì tàbí bí ó bá dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Àlàfo tí wọ́n yọ̀ǹda yìí ni ọ̀pọ̀ aṣòfin ń gbà kọjá títí di òní.

Adélabú gbé ẹgbẹ́ Màbọ̀lájẹ́ kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn mẹ̀kúnnù: àgbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn mọ́gàjí, àwọn tí owó orí ń ni lára. Ní 1954 ó di alága ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tó wà lọ́wọ́ Action Group, yan E.W.J. Nicholson láti wádìí ìgbìmọ̀ náà, ìròyìn rẹ̀ sì bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀nà tí ìgbìmọ̀ náà ń gbà ṣiṣẹ́. Adélabú kúrò níbẹ̀, ó sì fi ipò mínísítà ìjọba àpapọ̀ tó dì mú sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìbò 1956 dé, àwọn ará Ìbàdàn tún dìbò fún un, ó sì di olórí alátakò ní ilé ìgbìmọ̀.

Àwọn tó kórìíra Adélabú sọ pé àìmọ̀kan ló mú kí àwọn mẹ̀kúnnù tẹ̀ lé ẹni tí ìwádìí ti dá lẹ́bi. Ìdájọ́ yẹn kò tọ́. Àwọn mẹ̀kúnnù rí i pé ẹgbẹ́ tó ń bá aṣojú wọn du ipò náà ló yan ẹni tó wádìí rẹ̀. Ìwádìí náà lè jẹ́ òtítọ́, kí àwọn ènìyàn má sì gbà á gbọ́, nítorí pé òfin tó bá wà lápò ẹgbẹ́ kan ṣòroó gbà gẹ́gẹ́ bí òfin gbogbo ìlú. Nígbà tí jàǹbá ọkọ̀ pa Adélabú ní ọjọ́ 25 oṣù March 1958 lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ kò gbà pé jàǹbá lásán ni. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ìyapa tó ti wà láàárín ọmọ onílẹ̀ àti àwọn Ìjẹ̀bú tó ń gbé ìlú, èyí tí àwọn olóṣèlú ti ń koná mọ́ láti ọdún pípẹ́, wà nínú ohun tó mú kí ìjà náà gbóná bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 1 oṣù October 1963, Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira. Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lórí àga, Nnamdi Azikiwe di Ààrẹ. Ọdún méjì péré lẹ́yìn rẹ̀ ni ìbò Ìwọ̀-Oòrùn ti ọjọ́ 11 oṣù October 1965 wáyé. Ilé ti dàrú kí ọjọ́ náà tó dé: àwọn aṣòfin ti ju àga lu ara wọn ní Ìbàdàn ní May 1962 nítorí ìjà Awólọ́wọ̀ àti Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba àpapọ̀ sì ti fi alákòóso pàjáwìrì jẹ. Nínú ìbò 1965, wọ́n dí àwọn olùdíje alátakò kan lọ́nà kí wọ́n má lè fi orúkọ sílẹ̀, wọ́n sì kéde pé àwọn ti ẹgbẹ́ Akíntọ́lá tó wà nílé ìjọba, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Dẹ́mọ̀, wọlé láìsí ẹni tó bá wọn du ipò. Ní ibòmíràn, èsì tí àwọn ènìyàn gbọ́ níbi tí wọ́n ti ka ìbò kò bá èyí tí rédíò kà mu. Àwọn alátakò kéde ìjọba tiwọn pẹ̀lú Dáúdà Adégbẹ́nró gẹ́gẹ́ bí olórí rẹ̀, ìjọba sì fi ọlọ́pàá mú un. Nítorí pé kò sí ilé ẹjọ́ tí àwọn ènìyàn gbà pé yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sí ìgboro. Wẹ́tìẹ̀ ni wọ́n pè é: epo bẹntiróòlù lára ènìyàn àti ilé, lẹ́yìn náà iná. Aládùúgbò ló sun ilé aládùúgbò. Ní ọjọ́ 15 oṣù January 1966, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba, wọ́n sì pa Akíntọ́lá nílé rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Nígbà tí ìṣirò di ẹjọ́

Àwọn tó kọ ìwé òfin 1979 ti rí ohun tí 1965 fà. Wọ́n ní kò tó kí ìbò ẹni tí yóò jẹ Ààrẹ pọ̀ jù. Ó gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí agbègbè kan tó ní ènìyàn púpọ̀ fi iye borí gbogbo ìyókù. Ìpínlẹ̀ 19 ló wà nígbà náà. Nínú ìbò Ààrẹ ọdún náà, Shehu Shagari ti ẹgbẹ́ NPN ló ní ìbò tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ 12 ló ti dé ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 sì jẹ́ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹyọ kan. Richard Akínjídé, agbẹjọ́rò ọmọ Ìbàdàn, gbèjà ìṣirò náà fún ẹgbẹ́ NPN pé kí wọ́n pín ìpínlẹ̀ Kánò, tí yóò jẹ́ ìkẹtàlá, sí mẹ́ta lórí ìwé, kí wọ́n mú méjì nínú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 26 oṣù September 1979. Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣọ́ kò fara mọ́ ọn.

Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń fi ìṣirò náà ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀ ohun tó yẹ kí a fi ojú iyì wò wà níbẹ̀: Awólọ́wọ̀, tó bá Shagari du ipò náà, àti àwọn ènìyàn rẹ̀, tó gbà pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ, gbé ìwé lọ sí kóòtù. Wọn kò gbé e lọ sí ìgboro bí ti 1965.

Mọlété

Àdúgbò Mọlété ní Ìbàdàn ni Ibadan Grammar School wà, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1913, tí Bọ́lá Ìgè, gómìnà Ọ̀yọ́ láti 1979 sí 1983, ti kàwé. Mọlété náà ni ilé Làmídì Adédibú wà, ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ òṣèlú láti ìgbà ìbò 1951, tó sì di ẹni tí gbogbo olùdíje ń wá rí. Àràárọ̀ ni èrò ń kún ilé rẹ̀. Wọ́n ń jẹ àmàlà, wọ́n ń gba owó ilé ìwé ọmọ, owó ìwòsàn, owó ìsìnkú. Òṣèlú àmàlà ni wọ́n pè é. Ó rọrùn fún ẹni tó yó láti bẹnu àtẹ́ lu ẹni tó lọ jẹun níbẹ̀. Ohun tó yẹ kó dunni jù ni pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí owó ìjọba ni ilé ẹnì kan, nígbà tí ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ tó yẹ kí owó náà dé kò rí i.

Ní 2003, Adédibú wà lára àwọn tó gbé Ràṣídì Ládọjà ti ẹgbẹ́ PDP wọlé gẹ́gẹ́ bí gómìnà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dìjà. Adédibú sọ ọ́ ní gbangba pé ó yẹ kí gómìnà máa fún òun nínú owó ètò ààbò lóṣooṣù, Ládọjà kò sì gbà. Àga tí ìlú fi ìbò gbé fún ẹnì kan di ohun tí ẹlòmíràn ń béèrè èrè lórí rẹ̀.

Àwọn aṣòfin 18 nínú 32 wá lọ jókòó sí ilé ìtura kan ní December 2005, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò láti yọ gómìnà. Ní ọjọ́ 12 oṣù January 2006, wọ́n kéde pé wọ́n ti yọ ọ́, igbákejì rẹ̀, Adébáyọ̀ Àlàó-Akálà, sì búra wọlé. Ibí ni ìyàtọ̀ ìjọba méjèèjì ti hàn jù. Tí ó bá jẹ́ iye nìkan ló ń ṣèdájọ́, 18 ju ìdajì 32 lọ. Ṣùgbọ́n ìwé òfin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo àwọn aṣòfin ni yóò fọwọ́ sí yíyọ gómìnà, ìyẹn 22. Ẹni mẹ́rin ló kù. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wọ́gi lé yíyọ náà ní November 2006, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù December pé àwọn 18 kò tó, àti pé ilé ìtura kì í ṣe ilé ìgbìmọ̀. Lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá, Ládọjà padà sórí àga.

Òfin tó gbà á lọ́wọ́ àwọn 18 yẹn kò sọ pé gómìnà rere ni tàbí búburú. Ó kàn sọ pé ọ̀nà wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ìlànà lásán ni. Ìlànà yẹn gan-an ni ọmọ ẹgbẹ́ tó pàdánù ní kí ó tó lè sùn. PDP kò tún fa Ládọjà kalẹ̀ ní 2007, Àlàó-Akálà ló wọlé nínú ìbò April ọdún yẹn, ìbò tí àwọn alámòójútó láti ilẹ̀ òkèèrè bẹnu àtẹ́ lù káàkiri Nàìjíríà, tí Umaru Yar'Adua tó di Ààrẹ nípasẹ̀ rẹ̀ pàápàá sì gbà pé ó ní àbùkù. Adédibú kú ní June 2008. Ládọjà, tó ti ń gun àkàbà oyè Ìbàdàn, gba adé Olúbàdàn ní Mápó ní September 2025.

Bí ìbò ṣe ń di àmúlùmálà

Èrú ìbò kì í sábà wáyé níbi tí olùdìbò ti ń tẹ̀ka mọ́. Láyé Adélabú, àpótí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló dá wà, pẹ̀lú àmì àkùkọ ti NCNC tàbí ọ̀pẹ ti Action Group lára rẹ̀, nínú iyàrá tí olùdìbò ń dá wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè fi ìwé ìbò rẹ̀ sápò, kí ó mú un jáde lọ tà, kí ẹlòmíràn wá kó ọ̀pọ̀ sínú àpótí kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n fi àpótí kan rọ́pò wọn, èrú sún síwájú: wọ́n ń gbé àpótí sá, tàbí kí wọ́n kọ iye mìíràn sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìdí tí ìbò Ààrẹ ti ọjọ́ 12 oṣù June 1993 fi gbayì ni pé ojú gbogbo ènìyàn ni wọ́n ti ka ìbò, tí wọ́n sì kéde èsì ní ibùdó. Ọ̀gágun Babangida, olórí ìjọba ológun, ló fagi lé e ní ọjọ́ 23 oṣù náà. Ìbò fúnra rẹ̀ kò ní àléébù tó tó bẹ́ẹ̀.

Káàdì ìdìbò alálòpẹ́ àti ẹ̀rọ tó ń kà á dé ní 2015. Òfin ìdìbò 2022 ti ìlò ẹ̀rọ bíi BVAS lẹ́yìn, èyí tó ń fi ìka tàbí ojú dá olùdìbò mọ̀, ó sì dín ìbò àwọn òkú àti àwọn tí kò sí nílé kù. Ṣùgbọ́n láti ibùdó, èsì ń lọ sí wọ́ọ̀dù, sí ìjọba ìbílẹ̀, kí ó tó dé olú ìlú ìpínlẹ̀, ojú ọ̀nà yìí sì ni ó léwu jù. Ní ọjọ́ 25 oṣù February 2023, àwòrán èsì ìbò Ààrẹ kò gorí íntánẹ́ẹ̀tì ní àkókò bí INEC, àjọ tó ń ṣètò ìbò, ti ṣèlérí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní October ọdún náà pé èyí nìkan kò tó láti fagi lé ìbò. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní ibùdó ni ẹ̀rí tó ṣe pàtàkì jù níwájú adájọ́, nítorí náà aṣojú ẹgbẹ́ tó bá jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, tó gba ẹ̀dà tirẹ̀, ṣe ìlú lóore ju ẹni tó kígbe ní ìgboro lọ.

Ẹ̀rọ kò lè rí owó tó gba abẹ́ agbádá kọjá. "Dìbò kí o sebẹ̀" ni wọ́n ń pè é ní Èkìtì ní 2018. Òfin 2022 fi owó ìtanràn tó tó 500,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan lé ẹni tó rà àti ẹni tó tà. Àwọn tí òfin náà ti mú kò tó nǹkan.

Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó pọ̀ jù

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í dùn mọ́ àwọn ọmọ Ìbàdàn láti gbọ́. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 33 tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 11 jẹ́ ti Ìbàdàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ Ọ̀ṣun kúrò ní 1991, àwọn gómìnà tí wọ́n dìbò yàn ni Kọ́lápọ̀ Ìṣọ̀lá, Lam Adéṣínà, Ládọjà, Àlàó-Akálà, Abíọ́lá Ajímọ̀bi àti Ṣèyí Mákindé. Àlàó-Akálà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ni kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn. Kò tíì kan Òkè-Ògùn. Kò sí èrú nínú èyí. Ìbò Ìbàdàn ló pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní í borí láé kò ní ìdí tó pọ̀ láti fẹ́ràn ìbò. Ìwé òfin ní kí gómìnà ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìjọba ìbílẹ̀, èyí tó ń fipá mú olùdíje Ìbàdàn láti lọ tọrọ ìbò ní Ṣakí àti Ìgbòho ní Òkè-Ògùn. Ó ṣèrànwọ́ díẹ̀. Àdéhùn pé kí ipò máa yí, irú èyí tó wà láàárín ìlà oyè méjèèjì ní Ìbàdàn fúnra rẹ̀, kò tíì sí nínú òfin ìpínlẹ̀ náà.

Ìjọba ìbílẹ̀ ni ibi tí òfin ti lẹ jù. Gómìnà ló ń yan àwọn ọmọ àjọ tó ń ṣètò ìbò rẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ tí ẹgbẹ́ gómìnà sábà máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì ń fọwọ́ sí wọn. Èyí ni ìdí tí ẹgbẹ́ tó wà nílé ìjọba fi ń borí nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ APC ní 2018 tàbí PDP ní 2024. Nígbà tí Mákindé tú àwọn alága tí wọ́n dìbò yàn lábẹ́ Ajímọ̀bi ká ní May 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní May 2021 pé kò tọ́, ó sì ní kí wọ́n san owó oṣù wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù July 2024, ilé ẹjọ́ kan náà pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kí gómìnà kankan má sì fi ìgbìmọ̀ fìdí-hẹ rọ́pò àwọn tí wọ́n dìbò yàn. Ìdájọ́ méjèèjì de gómìnà lọ́wọ́ lẹ́yìn ìbò. Wọn kò fọwọ́ kan ẹni tó ń yan àwọn tó ń ka ìbò náà; àtúnṣe sí ìwé òfin nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀.